Lincoln pẹ̀lú McClellan, Lincoln pẹ̀lú Grant

Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Ààrẹ Lincoln fara da ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gágun George McClellan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1861, ó lọ kí i nílé, ó jókòó dè é. McClellan wọlé, ó gba òkè lọ, ó sùn. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí! Síbẹ̀, Lincoln pa á mọ́ra. Ìwà fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la ni kò lè gbà. Lẹ́yìn ìjà Antietam ní 1862, McClellan kò yára lé Lee, ọ̀gágun àwọn ọ̀tá, ó ní ó ti rẹ àwọn ẹṣin. Lincoln bi í léèrè: kí ni àwọn ẹṣin náà ṣe láti ìgbà ìjà yẹn tó rẹ̀ wọ́n? Kò pẹ́ tó fi yọ ọ́ nípò.

Ọ̀gágun Ulysses Grant ní tirẹ̀ ń jà ni. Nígbà tó gba ìlú Vicksburg lọ́wọ́ ọ̀tá ní 1863, Lincoln kọ lẹ́tà sí i pé Grant ló tọ̀nà, òun ni òun ṣì í rò. Ní 1864, ó fi gbogbo ọmọ ogun lé e lọ́wọ́. Lójú tèmi, irú ọ̀gágun tó ń wá látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. McClellan mọ ọmọ ogun kọ́ dáadáa, Grant ló mọ̀ wọ́n lò.