Katakata kékeré tí a ń yá ní Kétu: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo iwájú

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní ìta ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Pọ́bẹ̀. Katakata kékeré tí ó ní ṣọ́bìrì ńlá níwájú ni wọ́n ń yá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń kọ́lé, yálà pẹ̀lú awakọ̀ tiwọn tàbí kí ẹni tí ó yá a máa wà á fúnra rẹ̀. Èmi yá a láti fi kó ìgbẹ́ adìẹ lọ sí oko àgbàdo, àti láti kó yanrìn sí ibi tí a ti fẹ́ kọ́ àká. Iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn, n ó sì tún yá a bí àyè rẹ̀ bá yọ, ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ yìí dáadáa kò ní fura sí.

Wọ́n gbé katakata náà jáde fún mi láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó sanwó, mo ní kí awakọ̀ wọn bu yanrìn tútù kún ṣọ́bìrì, kí ó sì wà á sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lẹ́nu géètì wọn. Nígbà tí ó tẹ bíréèkì, àwọn táyà ńlá ẹ̀yìn kò yí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ pupa náà, tí ipa méjì tí ó ń dán sì ń hàn lẹ́yìn wọn, àfi ìgbà tí awakọ̀ sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀ kí ó tó dúró.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ṣọ́bìrì bá ti kún, orí ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ìwúwo ń lọ, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń mú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a so ẹrù wíwúwo mọ́ apá irin mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn, èyí tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ katakata, tàbí kí a rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn, kí a sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà pọ̀, kí ti iwájú lè bá ti ẹ̀yìn dá ẹ̀rọ dúró. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún mi pé àwọn oníbàárà kì í béèrè ẹrù ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹni tí kò béèrè kò lè dojú dé. Ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn: wọ́n lọ gbé àpótí irin kan tí wọ́n rọ kọnkéré kún wá láti ẹ̀yìn ilé, wọ́n so ó mọ́ ọn, nígbà tí awakọ̀ sì tún sọ̀ kalẹ̀ níbi kan náà, ó dúró síbi tí ó ti tẹ bíréèkì.

Ẹ má ṣe fi bí ṣọ́bìrì ṣe tóbi tó díwọ̀n ohun tí ó lè gbé. Èyí tí ó gba lítà 250 kò ní kó wàhálà bá ẹnikẹ́ni bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí yanrìn tútù bá kún un, ó ti ń sún mọ́ 500 kílò, katakata kékeré mìíràn kò sì lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ wọn ni ó wú mi lórí jù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹrù bá wà nínú ṣọ́bìrì, kì í jẹ́ kí ó ga kọjá orúnkún àfi tí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí yóò dà á sí, ó sì ń wo òkè nítorí wáyà iná ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná SBEE kí ó tó gbé e. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ gan-an, ẹ̀yìn ni ó fi ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹrù lè kọjú sí òkè. Àwọn ọmọdé oko fẹ́ wọ inú ṣọ́bìrì kí ó gbé wọn, ó lé wọn dànù láìrẹ́rìn-ín, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Irin gíga tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó, èyí tí kì í jẹ́ kí katakata tẹ awakọ̀ pa bí ó bá dojú dé, ni ó ká sílẹ̀ kí ó lè gba abẹ́ igi máńgòrò kan kọjá. Ó tú bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé bí irin náà kò bá nàró, bẹ́líìtì yóò kàn so ènìyàn mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ ni. Bí ó ti kọjá tán, ó gbé irin dúró, ó sì de bẹ́líìtì padà. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán, ó sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀ pátápátá, ó pa ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀.

Ní ti owó, wákàtí tí aago ara ẹ̀rọ bá kà ni wọ́n ń gbà, epo sì wà lọ́rùn ẹni tí ó yá a. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé láti ẹnu géètì wọn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà, ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà yóò sanwó ọ̀nà àlọ àti àbọ̀. Ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ kí àsìkò ìkórè tó dé, kí ẹ sì sọ lórí fóònù pé ẹ fẹ́ àpótí kọnkéré, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní.