Bọ́ọ̀sì Hiace tá a háyà gbé àwọn bàbá lọ sí Ìkìrun àti odò Ọ̀tìn: bó ṣe rí gan-an

Tẹ́ ẹ bá ní àgbà nílé tí orúnkún ń dà láàmú, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé e rìnrìn àjò tó jìnnà díẹ̀, ẹ má fi mọ́tò kékeré fìyà jẹ ẹ́. Ẹ háyà Hiace olórùlé gíga. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, àlàyé ló kù.

Àwọn kan ní Ìlọrin níbí la ti háyà tiwa, mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹjọ́ kan ń bẹ tí n ó rò níwájú. Ètò wọn ni pé wọ́n á yọ ìjókòó ìlà méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n á tẹ́ fóòmù síbẹ̀, àyè á sì wà fún kúlà, gáàsì kékeré, kẹ́ẹ̀gì omi àti búútà àlùwàlá. Kì í ṣe irú mọ́tò táwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣelé tó ní ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú o, àmọ́ fún ọ̀nà tiwa ó tó. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, epo dọwọ́ yín, oúnjẹ dírẹ́bà náà dọwọ́ yín, ẹ ó tún san owó ìdógò. Ìdógò yẹn, ọjọ́ tá a dá mọ́tò padà náà ni wọ́n dá a padà fún wa, mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń sọ pé àwọn fẹ́ dé Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ja ogun Jálumi lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878. Ọmọ Ìlọrin ni wá. Àwọn ọmọ ogun wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará Ìlá, Balógun Ìbàdàn, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, wá kógun dé ó tú gbogbo wọn ká. Ibi tó máa ń dun bàbá mi jù ni ti odò Ọ̀tìn, torí nígbà táwọn tiwa ń sá bọ̀ wálé, ìtàn ní àwọn ará Ọ̀fà ti gé afárá, omi sì kún, àìmọye ló bómi lọ. Bàbá mi wá ní àwọn ò lọ láìmú ọ̀rẹ́ àwọn dání, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ọmọ Ọ̀fà pọ́nńbélé!

A gbéra láàárọ̀, torí ìrìn òru ò dáa lójú ọ̀nà wa lásìkò yìí, a gba Gánmọ, Ìdófìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo já sí Ọ̀fà. Dírẹ́bà yẹn ṣe dáadáa. Kò sáré, gbogbo bọ́m̀pù àti kòtò ló ń rọra gùn, tó bá dúró á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ gbé àpótí onígi kan sẹ́nu ilẹ̀kùn kí àwọn àgbà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Orí mọ́tò yẹn ga débi pé bàbá mi lè dìde dúró kí wọ́n tó jókòó, wọn ò ní láti ká ara wọn kò bíi nínú mọ́tò mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ò tíì fojú kanra látìgbà tí ìrìn ti le fún wọn, fóònù ni wọ́n fi ń kíra. Nígbà tí wọ́n ríra, orúkọ ìnagijẹ tí àwa ọmọ ò gbọ́ rí ni wọ́n ń pera wọn. Ìyàwó bàbá Ọ̀fà ti se ọ̀dùnkún sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín, a kó wàrà Ìlọrin fún wọn, a jẹun tán kó tó di pé a kó wọn sínú mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́nà Ìkìrun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Bàbá Ọ̀fà ní, "Àwa la gé afárá yẹn, o sì gbà kí n jókòó tì ọ́." Bàbá mi ní, "Ohun tá a ṣe fún yín lẹ́yìn náà ńkọ́?" Àwọn ọmọ mi wá béèrè pé kí la ṣe. Bàbá mi fúnra wọn ló ṣàlàyé pé Ìlọrin do ti Ọ̀fà fún ọdún púpọ̀, pé 1890 ni ìlú náà bọ́ sí wa lọ́wọ́, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì fọ́n ká. Wọn ò fi bò fún ọmọ. Bí a bá ti pín ara wa sí mọ́tò méjì, àwọn ọmọ ò ní gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Ní Ìkìrun, ẹ wá àgbà ìlú tó mọ ilẹ̀. Mọ̀lẹ́bí bàbá Ọ̀fà kan tó ń gbébẹ̀ ló mú wa káàkiri. Ẹ̀ẹ̀rùn la sì lọ, omi Ọ̀tìn ti fà, àwọn ọmọ ń bi mí pé ṣé omi yìí náà ló gbé jagunjagun lọ. Ẹ lọ lópin òjò, nǹkan bí oṣù kẹwàá, ìgbà yẹn ni yóò yé ọmọ yín.

Òkukù la sùn, nínú ọgbà ọ̀rẹ́ wọn míì, àwọn ọmọkùnrin kọ̀ wọn ò wọlé, orí fóòmù nínú mọ́tò ni wọ́n sùn, wọ́n sì gbádùn ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a gun òkè lọ sí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé torí Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, jọ jà. Ọ̀dọ̀ Ìgbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí, Èkìtìparapọ̀ wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú ságọ̀ọ́ Ìbàdàn ní 1885. Wọ́n fọwọ́ síwèé àlàáfíà lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Ọ̀fà ò jẹ́ kó tán nílẹ̀, ó di 1893. Àwọn bàbá méjèèjì gbọ́ ìyẹn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òkè yẹn náà ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́síì ẹ̀yìn kọ̀ pátápátá, ìyá mi ń fi ìbòrí fẹ́ra wọn nínú oòrùn yẹn, mo pe àwọn tó ni mọ́tò, wọ́n ní ká pa á kí íńjìnnì má bàa gbóná. A délé, wọ́n bẹ̀ wá, wọn ò yọ kọ́bọ̀ nínú owó ojúmọ́. Ìyẹn ò dáa rárá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbowó ẹ́síì mọ́ owó mọ́tò! Bẹ́líìtì náà, ìjókòó iwájú nìkan ló ní tó ṣeé lò, tọmọdé tàgbà ló sì wà lẹ́yìn.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún bọ́ọ̀sì, mo fún dírẹ́bà ní márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ́síì ẹ̀yìn fún yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí ara yín á fi tutù, kẹ́ ẹ sì fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan wò.