Mo pààrọ̀ ọsibítù lórí NHIS ní Àkúrẹ́: ohun tí ojú mi rí

Bí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́, tó jẹ́ NHIS, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, lẹ fi ń gba ìtọ́jú, tí ẹ sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, ẹ má tíì béèrè dókítà tó mọṣẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jókòó sí tábìlì NHIS níbẹ̀. Ó lè dún bí àwàdà o, ṣùgbọ́n mo ti gba ìtọ́jú lọ́sibítù méjì nílùú yìí lórí ètò kan náà, mo sì ti rí i pé dókítà tó dáa tí èèyàn ò ríbi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ni. (NHIA ni òfin 2022 sọ ètò náà dà, àmọ́ NHIS náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é.)

Ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ètò náà kárí òun, èmi, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá mi fínra, nítorí náà oṣooṣù ni mò ń lọ sọ́sibítù, kì í ṣe ìgbà tó bá wù mí.

Ọsibítù wa àtijọ́ kò burú níbẹ̀rẹ̀. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ mí tọmọtọmọ. Bí mo bá ti wọlé, á ti béèrè bóyá mo sùn dáadáa kó tó ṣí fáìlì. Ó japa, ó gba Ìlú Ọba lọ. Mi ò bá a wí. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò fi ẹnì kan pàtó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí mo bá lóṣù yìí, mi ò ní bá a lóṣù tó ń bọ̀, olúkúlùkù wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: "Mummy, kí ló ń ṣe yín?" Èyí á yí oògùn padà, èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á fi òmíràn kún un. Bí mo bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, wọ́n á ní tèmi ò sí nílẹ̀, kí n lọ rà á níta. Ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á gba irú oògùn kan náà, á máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi o, ìṣojú mi ló ṣe.

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé òfin ò so èèyàn mọ́ ọsibítù kan. Bí ẹ bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi tí ẹ yàn, tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kúrò. Ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ NHIS níbi iṣẹ́ tàbí HMO yín, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá ètò náà sanwó fún ọsibítù, ni ẹ ó bá sọ ọ́. Àmọ́ kí ẹ tó fi ibi àtijọ́ sílẹ̀, ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ti jáde nínú ìwé orúkọ tí ọsibítù tuntun ń gbà lóṣooṣù. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò mọ̀ yín rí, bó ti wù kí ẹ pariwo tó.

Ìwé tí HMO fi ránṣẹ́ sí wa, orúkọ ọsibítù àti àdírẹ́sì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé dókítà kan ṣoṣo ló wà níbí, kò sọ pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò tọ̀hún ti bàjẹ́. Ọkọ mi ní kí n mú èyí tó sún mọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní kí n mú èyí tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti AC. Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì, mo sì gbéra láàárọ̀ Monday tí èrò máa ń pọ̀, mo lọ ń jókòó káàkiri bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ọsibítù UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, tó wà láàárín ìlú ni mo kọ́kọ́ rò. Ọ̀gá dókítà, àwọn tó mọ irú àìsàn kan dunjú, pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ fún ẹni tí kò wá ju kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó gba oògùn lọ, ìdúró ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ìyanṣẹ́lódì sì lè bá èèyàn lójijì. Mo fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n lọ rí ọ̀gá dókítà. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń yìn ńkọ́? AC wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́ńṣì méjì ló wà: ọ̀kan lábẹ́ AC fáwọn tó ń sanwó lọ́wọ́, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fáwa NHIS. Nọ́ọ̀sì á jáde, á pe ẹni méjì-mẹ́ta lábẹ́ AC, á yíjú sí ọ̀dọ̀ wa: "Ẹ̀yin NHIS, ẹ ní sùúrù o." Mi ò tiẹ̀ béèrè dókítà wọn kí n tó dìde.

Ibi tí mo padà yàn, ilé rẹ̀ ò wu ojú. Ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri. Obìnrin kan jókòó sí tábìlì NHIS, ìwé fẹ̀ síwájú rẹ̀, fóònù ẹ̀ ń gbaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan dúró tì í. Wọ́n ní kó lọ ṣe scan, HMO ò sì tíì fi kóòdù ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Obìnrin yìí pè wọ́n, ó fi ohùn síta kí bàbá náà lè máa gbọ́. Wọ́n ní kó pe àwọn padà tó bá ṣe díẹ̀. Ó ní òun ò ní gbé fóònù sílẹ̀, àárọ̀ ni bàbá ti wà lórí ìdúró. Ó ṣì fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú ìwé, títí tí ẹni ọ̀hún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé bàbá, ó tún kà á padà fún wọn létí. "Bàbá, ẹ mú un dání dáadáa o. Yàrá kẹta, lọ́wọ́ ọ̀tún." Èmi ti yan ọsibítù nìyẹn.

Ohun tó fà á tí tábìlì yẹn fi ṣe kókó ni pé ọ̀nà méjì lowó wa ń gbà wọ ọsibítù. HMO ń san owó kan lóṣooṣù lórí olúkúlùkù tó forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀, ó wá o, kò wá o. Èyí ni wọ́n fi ń tọ́jú ibà, ikọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú wọn. Ẹni tó bá ń wá lemọ́lemọ́ bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé a ò lè wu wọ́n púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá dókítà àtàwọn àyẹ̀wò ńlá ní owó tiwọn lọ́tọ̀, ìyẹn ló sì ń fẹ́ kóòdù. Pàjáwìrì nìkan ni kì í dúró de kóòdù kí wọ́n tó tọ́jú èèyàn. Bí ẹni tó wà ní tábìlì ò bá lẹ́nu láti fi gba kóòdù, ẹ ó kàn jókòó ni. Ní 2025, NHIA fi 93% kún owó oṣooṣù yẹn, wọ́n sì pàṣẹ pé kí HMO máa fi kóòdù sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Láàárọ̀, ó ń rí bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọ̀sán Friday, ẹ gbé oúnjẹ dání.

Ó wá kan dókítà fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún lójú mi, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pọ́n èèyàn lé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó ní kí n da gbogbo oògùn tí mò ń lò sórí tábìlì, àgbo náà kò gbẹ́yìn. Ó ń gbé páálí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìkọ̀wé kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ. Ó fa méjì yọ, páálí búlúù kan, funfun kan.

"Mummy, ta ló ní kẹ́ ẹ máa lo méjì yìí pọ̀?"

Mo ní dókítà ló kọ wọ́n, ẹnì kan kọ ọ̀kan, ẹlòmíràn kọ ìkejì. Ó fi bírò tọ́ka: amlodipine lára èyí, amlodipine lára ìyẹn. Orúkọ tí iléeṣẹ́ kọ síwájú páálí ló yàtọ̀, oògùn kan náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ sì jin wọlé. Ẹsẹ̀ wíwú yìí, ọjọ́ orí ni wọ́n ní ó fà á níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó ní amlodipine a máa wú ẹsẹ̀, pàápàá bó bá pọ̀. Ó yọ ọ̀kan kúrò, ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá ìkejì dúró, kí n sì padà wá kí òun tún ẹ̀jẹ̀ wọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ti ń wọ bàtà ìsìnmi mi báyìí. Ní ti àgbo, ó bi mí ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n, ó ní kí n gbé e sápá kan ná.

Mi ò rò pé ó fi ìwé ju àwọn tọ̀hún. Òun kan náà ló ń rí mi lóṣooṣù ni, ó mọ ohun tóun kọ. Mo ti béèrè ní tábìlì kí n tó fọwọ́ síwèé pé ṣé òun náà ò ní japa. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín: "Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní FUTA ni, mà."

Oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n mi níbẹ̀. 10% owó rẹ̀ là ń san. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kò dá mi lójú, nítorí ìgbà mìíràn wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn, èsì á sì pẹ́. Ìyá mi ò sí lórí ètò yìí, nítorí òbí kì í bá wa wọlé bíi ti ọmọ. Ẹ̀yin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí oníṣòwò, ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Òǹdó ni kí ẹ lọ, ìwé orúkọ ọsibítù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa.

Satide ni mo ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú wọn. Tábìlì NHIS kì í ṣí lọ́jọ́ náà, ẹni tí ibà bá mú lálẹ́ Friday, owó àpò rẹ̀ ló máa fi gba oògùn, àfi tó bá lè dúró di Monday. Mo bá obìnrin wa sọ ọ́. Ó ní òun náà lọ́mọ tó ń fọ aṣọ fún, kí n lọ bá ọ̀gá sọ pé kó gba ẹnì kejì. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní òun máa rí sí i.