Léésà búlúù alágbára tí mo rà, àti gíláàsì inú páálí ẹ̀ tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ fi sójú

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ká mi lára bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ka ìlà mẹ́ta péré, ó ti lọ sanwó nìyẹn. Léésà yìí, ìyẹn ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín alágbára, ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣáná, ó ń jó pákó, ó ń fọ́ bàlúùnù ọmọdé, gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn nínú fídíò ìpolówó yẹn pátá ló ń ṣe. Gíláàsì tí wọ́n jù sínú páálí ẹ̀ ni ìṣòro. Rọ́bà pupa lásán ni, kò lè gba ojú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣírò owó léésà láì ṣírò owó gíláàsì gidi mọ́ ọn, ẹ ò tíì ní owó tẹ́ ẹ máa fi rà á.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe ní Ìṣọ̀kùn, ní Iléṣà níbí. Mo máa ń kọ orúkọ àti àwòrán sára pákó, sára bẹ́líìtì, sára ọpọ́n ayò, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó àti ẹni tó ń fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ló sábà ń wá mi wá. Irin oníná ni mo fi ń ṣe é, iná ò sì dúró, bí wọ́n ṣe ń mú un lọ ni irin ń tutù mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín lẹ́tà, ìgbà tí mo wá rí léésà tó ń lo bátìrì tó tún ń jó igi mo ní ó parí, oríire dé. ₦48,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Inú àpótí fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà, àpótí yẹn gan-an wuyì, wọ́n ti gbẹ́ fóòmù sílẹ̀ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan. Léésà fúnra ẹ̀ dúdú, ó wúwo lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nídìí ẹ̀ tẹ́ ẹ máa yí kó tó lè tàn, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí ọmọdé ò lè kàn tẹ̀ ẹ́ lásán. Bátìrì kúkurú méjì, ṣájà, fìlà kékeré márùn-ún tí wọ́n ń dé sí i lẹ́nu kí ìmọ́lẹ̀ lè pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìràwọ̀, àti gíláàsì pupa yẹn. Wọ́n kọ 450nm sí i lára, ìyẹn nánómítà tá a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ 10000mW, ìyẹn mílíwáàtì tá a fi ń mọ agbára ẹ̀. Ìwé tó máa ṣàlàyé ohunkóhun, kò sí. Lára gíláàsì, kò sí nọ́ńbà kan báyìí.

Mi ò tàn án nílé rárá. Mo ní àbúrò kan, ọmọ àdúgbò wa tẹ́lẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù físíìsì ní Ifẹ̀, mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá, ṣùgbọ́n ẹ yọ bátìrì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò o." Mo débẹ̀, aago ọwọ́ mi àti òrùka ìgbéyàwó mi ló kọ́kọ́ ní kí n bọ́. Ó fi aṣọ dúdú bo ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ti fèrèsé, ó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó to bíríkì tí wọ́n kùn ní dúdú sí ìparí tábìlì kí ìmọ́lẹ̀ yẹn lè ríbi kú sí. Ó sì tan gbogbo iná yàrá. Mo ní ṣé kì í ṣe inú òkùnkùn la ti máa rí i dáadáa ni, ó ní inú òkùnkùn ni ọmọlójú ti máa ń fẹ̀, tó bá ti fẹ̀, ohun tó máa ráyè wọlé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ó fún mi ní gíláàsì lábù, ó fi tiẹ̀ náà sójú, ó wá kọjú léésà sí mítà tó ń wọn pọ́wà. Ẹgbàárùn-ún mílíwáàtì tí wọ́n kọ sí i lára, 1,400 ló dúró lé. Inú bí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 1,400 yìí náà ti pọ̀ jù fún yín." Ó ní kíláàsì ni wọ́n ń pín wọn sí. Èyí tí ò kọjá mílíwáàtì 1 ni kíláàsì 2, ojú á ti ṣẹ́jú kó tó ṣe é ní nǹkan. Èyí tí ò kọjá 5 ni 3R, ibẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà fi ṣe òpin fún léésà tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí bọ́ọ̀dù. Láti ibẹ̀ dé 500 ni 3B, ohun tó bá ti kọjá 500 kíláàsì 4 ni, kò sì sí òmíì lẹ́yìn ẹ̀. Tèmi tí wọ́n rẹ́ mi jẹ lórí ẹ̀ yìí, kíláàsì 4 ni.

Ọ̀nà méjèèjì sì ni irọ́ yẹn máa ń gbà. Àwọn NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n ní Amẹ́ríkà, wọn léésà ìtọ́ka 122, ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2013, nínú àwọn aláwọ̀ ewé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 nínú 100 tí ò bá òfin mu, nínú àwọn pupa ó tó bíi 44 nínú 100. Èyí tí wọ́n kọ pé ó kéré lè lágbára nìyẹn o. Aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú tiẹ̀ tún burú, torí púpọ̀ nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ tójú ò lè rí ni wọ́n fi ń ṣe é nínú, 808 àti 1064 nánómítà, tí wọn ò bá fi àsẹ́ dí i lẹ́nu á máa bá ewé yẹn jáde, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ó wá kan gíláàsì pupa. Ó gbé e sórí irin kan láàárín léésà àti mítà, kò sẹ́ni tó fi sójú o, gíláàsì lábù ló wà lójú àwa méjèèjì. Mítà kọ 210. Ẹ gbọ́, mílíwáàtì 210 ló gba inú gíláàsì ààbò kọjá! Ẹni tó bá fi nǹkan yẹn sójú, 3B ló máa wọ ojú ẹ̀, tòun ti ọkàn balẹ̀, ọkàn balẹ̀ yẹn gan-an ló sì máa jẹ́ kó tẹjú mọ́ ọn. Kò tíì tán, a ò tíì pa á, àmì funfun kékeré kan yọ lára rọ́bà yẹn, ó ń hó, etí ẹ̀ ká sókè, èéfín tín-ín-rín jáde, òórùn ẹ̀ gba yàrá, lójijì mítà fò padà sí 1,400. Ó ti lu ihò sí i. Mo ṣì ní gíláàsì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ihò ẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ.

Ohun tó ń mú kí tojú yàtọ̀ sí tọwọ́ ni pé ojú fúnra ẹ̀ ní lẹ́ńsì. Bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi lẹ́ńsì kó oòrùn jọ jó bébà, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe ń kó léésà jọ sójú kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹyinjú, ó lè sọ ọ́ di ìlọ́po ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Ibẹ̀ kì í dunni, kò sí iṣan ìrora níbẹ̀, èèyàn lè jó níbẹ̀ kó má mọ̀ àfi ìgbà tó bá ń wá lẹ́tà kan lójú ìwé tí ò rí i. Ìṣẹ́jú ojú tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé sì ń gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú 1,400 iṣẹ́ ti parí kó tó pa dé. Èyí tó bá ta padà lára dígí, táìlì, ṣíbí, ojú fóònù, páànù tuntun, ọ̀kan náà ni. Kíláàsì 4 tiẹ̀ lè pa ojú lára láti ara ògiri lásán tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ojú ibi tó ń jó.

Gíláàsì tí mo wá rà, ₦62,000, ó wọ́n ju léésà lọ, ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀. Aláwọ̀ ọsàn ni, ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n fín in sára lẹ́ńsì pé 190-540nm OD 4+, wọ́n kọ EN 207 tí í ṣe ìlànà àwọn ará Yúróòpù sí i. OD yẹn, ìyẹn ìwọ̀n bí gíláàsì ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó, lẹ máa wò. OD 1, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń jẹ́ kó kọjá, OD 2 ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, OD 4 ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. 1,400 tèmi á ku 0.14, ìyẹn ò dé 1 tí ìṣẹ́jú ojú lè gbà. Èyí tó wà níwájú sì ṣe pàtàkì jùyẹn lọ, 190 sí 540, búlúù 450 wà nínú ẹ̀, ewé 532 wà nínú ẹ̀, pupa 650 ò sí níbẹ̀, 1064 ò sí níbẹ̀. Gíláàsì tó gbà yín lọ́wọ́ búlúù lè ṣílẹ̀kùn gbayawu fún pupa. Mo gbé e lọ sí Ifẹ̀ kí n tó lò ó, torí ẹni tó lè parọ́ mílíwáàtì lè parọ́ OD, mítà ò mira rárá, mo ní ó dáa.

Bọ̀dá tó ń ṣe wẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí mi níbi tí mo ti ń fi yangàn, ó ní kí ló ń ná mi lówó bẹ́ẹ̀, ṣebí gíláàsì òun wà ńlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, tiyín fún iná wẹ́dìn ni, wọn ò wọ̀n ọ́n fún léésà, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó máa kọjá níbẹ̀." Ó ní òun ti ń fi wo iná láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Mo ní àmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo tiẹ̀. Ti gíláàsì dúdú tí wọ́n ń tà lójú oòrùn lọ́jà Àtàkúmọ̀sà tiẹ̀ tún léwu, ó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀, kò sì dí nǹkan kan.

Ó kan iṣẹ́ gan-an. Lára pákó tó dúdú díẹ̀ ó ń jó dáadáa tẹ́ ẹ bá yí ẹnu ẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi kéré, lára pákó funfun ó lọ́ra, ẹ ní láti fi íńkì dúdú pa á kó tó gbà. Bàlúùnù dúdú fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, funfun wò mí lójú pẹ́. Ohun kan tí mi ò retí, pẹ̀lú gíláàsì ọsàn lójú ẹ ò ní rí búlúù yẹn mọ́, àmọ́ ojú ibi tó ń kọ lára igi á máa tan ìmọ́lẹ̀ kan tó fara jọ àwọ̀ ọsàn, igi ló ń dá ìyẹn padà, ìyẹn lẹ máa fi mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ń gbọ̀n! Lẹ́tà "ọ" tí mo fi irin ń kọ láì wò ó, mo fi léésà kọ ọ́ ó di ẹyin tó fọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gba owó oníbàárà lórí ìyẹn. Ó sì ń gbóná, kò tó ìṣẹ́jú kan ara ẹ̀ ti móoru, ẹ ní láti pa á kó sinmi, tẹ́ ò bá jẹ́ kó sinmi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á máa dín, ẹ̀mí ẹ̀ náà á sì kúrú. Bẹ́líìtì àtọwọ́dá tó jẹ́ rọ́bà PVC, ẹ má fi jó o rárá, èéfín ẹ̀ ń ta nínú ọ̀fun torí ásíìdì wà nínú ẹ̀, awọ gidi nìkan.

Àwọn fìlà ìràwọ̀ yẹn, mi ò lò wọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ṣì lè le fún ojú, ó sì ń lọ síbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló fẹ́ mọ ojú ẹni tó bá? Wọ́n ní kí n tàn án lálẹ́ lákòókò ọyẹ́ tí eruku máa jẹ́ ká rí okùn ẹ̀ títí dé òkè Ìmọ́, mo kọ̀. Láti ọgọ́rùn-ún mítà ó ṣì lè ba ojú jẹ́, èèyàn wà nílé níwájú, ọlọ́kadà ń bọ̀ lọ́nà, bàálù sì ń kọjá lókè, pílọ́ọ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lójú ò ní ríran. Kámẹ́rà fóònù náà ń jó tẹ́ ẹ bá kọjú léésà sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ṣe fídíò.

Tó bá wá ba ẹnì kan lójú, ẹ fi ojú kan ṣoṣo wo ìwé onílà, ẹ fọwọ́ bo ìkejì. Tí ìlà bá wọ́, tàbí àmì dúdú kan dúró láàárín tí ò lọ, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ ní kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ẹyinjú, tẹ́ ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan náà ẹ lọ. Ará Iléṣà ní Wesley Guild, ará Ifẹ̀ ní ọsibítù yunifásítì. Omi ọmú, ìtọ̀, oyin, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kán ọ̀kankan sí i.

Èmi ti padà sídìí irin mi fún orúkọ kíkọ. Gíláàsì ọsàn ni mi ò kábàámọ̀ owó ẹ̀, torí èyí tí mò ń fojú sí báyìí ni ẹ̀rọ léésà tó ń jókòó sórí férémù, tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ní ìbòrí lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn 450 kan náà ni. Tí ẹnì kan bá ń fi sólà lò ó ní Ọ̀ṣun níbí, kó sọ iye wáàtì tó ń jẹ fún mi.