Ibùba ọdẹ létí omi: tẹ́ǹtì ni ká rà ni, àbí aṣọ ìkélé, àbí ègùn orí igi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ibùba tẹ́ ẹ máa lò létí omi, ẹ rọra ná. Etí omi ò jọ inú igbó kìjikìji o, ó sábà máa ń gbalasa, ẹran náà sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹranko apẹranjẹ ti máa ń ba dè òun, torí náà á kọ́kọ́ dúró, á gbórí sókè, á gbóòórùn atẹ́gùn kó tó tẹnu bomi.

Tẹ́ǹtì ni mo fẹ́ràn jù, èyí tẹ́ ẹ máa fa ìhà ẹ̀ kọ̀ọ̀kan síta tá á yọ pọ́ọ̀. Ẹ lè fa ọrun nínú ẹ̀ kẹ́ran má rí ọwọ́ yín rárá, ó tún ń dín òórùn ara kù (dín ni mo wí o, kò pa á rẹ́). Wàhálà ẹ̀ ni pé ohun tuntun ni lójú ẹran, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e síbẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ fewé àti ẹ̀ka bò ó, kẹ́ ẹ sì kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa torí afẹ́fẹ́. Inú ẹ̀ dúdú, aṣọ dúdú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe aláwọ̀ ewé. Èmi gan-an ṣí fèrèsé ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan torí ooru, ìmọ́lẹ̀ wọlé látẹ̀yìn, òjìji mi hàn kedere, àgbọ̀nrín wò mí sùn-ùn ó sì yí padà láìmu omi.

Aṣọ ìkélé ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi igi mélòó kan gún mọ́lẹ̀? Ó fúyẹ́, kíá lẹ máa tò ó, atẹ́gùn bá yí, ẹ ká a, ẹ lọ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n kò lórùlé, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa mira, oníbọn ló bá mu ju ẹni tó ń lo ọrun lọ.

Ègùn orí igi dáa tí igi bá wà, bẹ́líìtì ààbò lára o, kò sí àwáwí. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ tílẹ̀ bá ń tutù, afẹ́fẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó rẹlẹ̀, ibẹ̀ náà lomi wà, tẹ́ ẹ bá wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òórùn yín ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lè fi ibùba sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ra tẹ́ǹtì. Tí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, aṣọ ni. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, torí òfin ibòmíì ò gbà kéèyàn dọdẹ nítòsí omi rárá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ǹtì náà kẹ́ ẹ tẹ́tí. Síìpù máa ń dún, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra tún burú jùyẹn lọ, ìkọ́ ló dákẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga tẹ́ ẹ máa lò nínú ibùba: ẹ jókòó, ẹ yíra sọ́tùn-ún sósì, tó bá dún pẹ́nrẹ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.