Típà wo ni kí ẹ rà? Ìfiwéra 911, Mack àti HOWO láti orí ìjókòó awakọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra típà nílẹ̀ wa kì í ṣe awakọ̀. Oníṣòwò yanrìn ni, tàbí agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé, tàbí ẹni tó gba owó ìfẹ̀yìntì tó sì fẹ́ kí owó náà máa bí owó. Wọ́n á mú mẹkáníìkì dání lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, mẹkáníìkì á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, á yẹ ọ́ìlì wò, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á sì sanwó. Ìgbà tí ọkọ̀ bá délé tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò wà á. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wa típà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní ojú ọ̀nà Èkó, mo sì ti jókòó pẹ́ lórí oríṣi mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ìyẹn Mercedes-Benz 911 láti Jámánì, Mack láti Amẹ́ríkà, àti HOWO láti Ṣáínà. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì mọ èyí tí yóò rà ni mo kọ èyí fún, kí ó lè mọ ohun tí ẹni tó wà nídìí sítíárìn ń rí, tí ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò kò lè rí.

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù yín ń lọ àti irú ẹni tí yóò máa rà á. Ní ìgboro Ìbàdàn, ní àwọn àdúgbò bíi Òjé àti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé ti fara kan ilé, ọkọ̀ onítáyà mẹ́wàá bíi Mack àti HOWO kì í rí ibi yí padà, wáyà iná tó rọ̀ wálẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó gbé bọ́dì rẹ̀ sókè. Ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kì í ra yanrìn tọ́ọ̀nù 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tọ́ọ̀nù 5 ni owó ọwọ́ rẹ̀ ká lóṣù yìí, ó di ìgbà tí àjọ bá tún kàn án kí ó tó ra òmíràn. Òun ni oníbàárà 911, òun náà ló sì fà á tí ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi ń jáde ní òròòwúrọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa kó òkúta láti kúárì ìhà Abẹ́òkúta lọ sí Èkó kò ní ohunkóhun í fi 911 ṣe, nítorí pé ìrìn kan tí Mack tàbí HOWO bá rìn, ìrìn mẹ́rin ni 911 yóò fi kó o, epo àti àárẹ̀ ìrìn mẹ́rin náà kò sì ní jẹ́ kí èrè kù.

Orúkọ 911 fúnra rẹ̀ ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́. Bí Mercedes-Benz ṣe ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lórúkọ nígbà náà, 9 dúró fún tọ́ọ̀nù 9, ìyẹn ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù pa pọ̀, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin (horsepower) 110, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ìwọ̀n ọkọ̀ òfìfo kúrò nínú tọ́ọ̀nù 9 yẹn, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 5 tí a ń pè é lọ́jà lọ. Síbẹ̀ ẹ óò rí àwọn tó kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́dì kí ó lè gba ẹrù sí i, wọ́n á sì fi yanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò jáde kún un dé ẹnu, nígbà tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀. Bí ẹ bá bá irú pákó bẹ́ẹ̀ lára 911 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ṣáásíì, ìyẹn irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, níbi tí sípíríńgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ni irin ti máa ń là, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó ti rí ojú ibi tí wẹ́ẹ́dà ti jó o pọ̀, bó ti wù kí ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó nípọn tó.

Ní ti ara awakọ̀, 911 kì í pọ́n ènìyàn lójú púpọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fúyẹ́, gíà márùn-ún rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́, ọkọ̀ náà sì kúrú tó fi jẹ́ pé mo lè fi ẹ̀yìn wọ ojúlé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá ń ṣọ́ra wọ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro rẹ̀, pẹ̀lú sítíárìn tó wúwo bí kò bá ní power steering, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítíárìn. Ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká awakọ̀ ni yóò gba ìyẹn lálẹ́. Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz pọ̀ nílẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ̀ àtúnṣe rẹ̀ sì ti tàn kálẹ̀ débi pé kò sí ìlú tí ọkọ̀ náà lè dá dúró sí tí ẹ kò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mack jẹ́ ọkọ̀ ẹni tó lágbára lẹ́sẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni ti ìran R, onímú gígùn, tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní tòkunbọ̀. Àǹfààní kan wà nínú ibi tó ti wá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: apá òsì ni sítíárìn wà ní Amẹ́ríkà bíi tiwa, nítorí náà kò sí ẹni tó gbé sítíárìn rẹ̀ láti apá kan sí apá kejì. Ère ajá kékeré tó wà lórí imú rẹ̀, tí í ṣe àmì ilé iṣẹ́ Mack, náà ń sọ̀rọ̀. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé ajá aláwọ̀ wúrà wà fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì, gíà àti ìdí ẹ̀yìn rẹ̀ (irin tó gbé táyà ẹ̀yìn) jẹ́ ti Mack látòkè délẹ̀, ti fàdákà sì wà fún èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà ilé iṣẹ́ mìíràn sí. Ẹnikẹ́ni lè ra ajá lọ́jà kí ó kàn án mọ́ ọn, nítorí náà ẹ fi ojú yín wo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ Maxidyne, ẹ́ńjìnnì Mack tí wọ́n gbé jáde ní 1966, ẹ ó rí i pé gíà márùn-ún péré ni ó nílò, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í já wálẹ̀ bí eré rẹ̀ bá dínkù lórí òkè. Mo fẹ́ràn èyí gidigidi. Ọkọ̀ á máa ké, á máa rọra gùn, awakọ̀ kò sì ní máa wá gíà kiri ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tó ń jẹ owó Mack ni awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n wà. Gíà rẹ̀ kò gba ipá: ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó yọ gíà sí àárín, ẹ ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ ó tún un tẹ̀, nígbà náà ni òmíràn yóò wọlé. Ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ lórí ohun tuntun yóò fọ́ eyín gíà náà láàárín oṣù mélòó kan. Nínú ẹrẹ̀, kò sí èyí tó tó o nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ohun èlò kan wà láàárín ìdí ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì tí ń fúnra rẹ̀ gbé agbára fún táyà tí kò yọ̀, láìjẹ́ pé awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì kankan. Ṣùgbọ́n imú gígùn yẹn léwu ní ìgboro. Ọmọdé tàbí ọ̀kadà tó bá dúró níwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, awakọ̀ kò lè rí i rárá. Bí ẹ bá ra Mack, ẹ má ṣe rán awakọ̀ jáde láìsí mọ́tò bọ́ì.

HOWO ni Sinotruk ń ṣe ní ìlú Jinan ní Ṣáínà, wọ́n sì ń to irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìkẹjà pẹ̀lú àjọṣe ilé iṣẹ́ Dangote. Èyí tí a mọ̀ jù ni ti agbára ẹṣin 371, onítáyà mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì WD615 rẹ̀, lítà 9.7, ti inú ẹbí ẹ́ńjìnnì Steyr, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti Austria, wá, nítorí náà mẹkáníìkì tó ti dàgbà tó láti mọ Steyr tí wọ́n ń tò ní Bauchi láyé àtijọ́ kì í bẹ̀rù rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni mo ti wà láti àárọ̀ di alẹ́ tí mo sì tún lè bá ìdílé mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo délé. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, ibùsùn wà lẹ́yìn ìjókòó fún ẹni tó sùn sí kúárì de ẹrù, sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ rántí ṣáá pé orí táyà iwájú gan-an ni awakọ̀ jókòó sí, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló sì ń gba ìdí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn. Bí ìjókòó rẹ̀ bá ti rì, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ ni búrékì. Ìlú olókè ni tiwa, òkè Mókólá àti Òkè Àrẹ ní Ìbàdàn kì í ṣeré, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrékì 911 ń lo epo búrékì, afẹ́fẹ́ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí páìpù epo náà bá bẹ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò bá ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ti HOWO jẹ́ afẹ́fẹ́ pátápátá, sípíríńgì líle kan sì wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, sípíríńgì náà á tú jáde, á sì so táyà ẹ̀yìn pa. Bákan náà ni ti Mack tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì tú búrékì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi bóòtù di sípíríńgì yìí pa kí ọkọ̀ má baà dá wọn dúró lójú ọ̀nà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jò. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wo ẹ̀yìn agolo búrékì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin rìbìtì tí sípíríńgì náà wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì bá bóòtù níbẹ̀, kí ó yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi kún táńkì, ẹ pa á, kí awakọ̀ tẹ búrékì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ géèjì. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú yín, afẹ́fẹ́ ń jò.

Ohun kejì tó lè pa ènìyàn ni dída ẹrù. Bọ́dì 911 kúrú, abẹ́ rẹ̀ sì ni jáàkì tó ń tì í sókè wà, nítorí náà kì í ga púpọ̀ bí ó bá gbé e sókè. Ti HOWO gùn, iwájú bọ́dì sì ni jáàkì gígùn rẹ̀ máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń da ẹrù kíákíá, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni gbé àkàbà lé ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, lórí ọkọ̀ onítáyà mẹ́wàá, mo gbé ilẹ̀ pupa lọ sí sáìtì lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Mo gbé bọ́dì sókè, ẹrù kò dà, nítorí pé amọ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Mọ́tò bọ́ì mi lọ sẹ́yìn, ó ń fi ṣọ́bìrì lu etí ìlẹ̀kùn. Mo wo dígí òsì, mo rí i pé etí bọ́dì kò bá igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dọ́gba mọ́. Táyà ẹ̀yìn ti ń rì sínú ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Mo fọn fèrè, mo pariwo orúkọ rẹ̀, mo sì ń sọ bọ́dì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka kan sí ìwọ̀n ìka kan. Ó sá kúrò, ọkọ̀ kò sì dojú dé. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ típà tó gbé bọ́dì sókè, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ti ohun ìtúnṣe, ti 911 àti ti HOWO kún ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, àti Ládìpọ̀ ní Èkó. Ayédèrú pọ̀ nínú ti HOWO, nítorí náà ẹ wá oníṣòwò kan tí ẹ fọkàn tán kí ẹ sì dúró tì í. Ti Mack ń ṣọ̀wọ́n sí i, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá rí máa ń pẹ́. Ní ti MAN àti DAF, ọkọ̀ rere ni wọ́n, àmọ́ bí wọ́n bá sọ pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó o wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà nílẹ̀ yìí, ẹnìkan sì ti ní láti gbé sítíárìn náà sí òsì. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ẹ má rà á.

Bí owó ọwọ́ yín bá mọ níwọ̀n tí ìgboro sì ni ọjà yín, 911 ni kí ẹ rà, kí ẹ yọ pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo páìpù búrékì rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí kúárì ni, tí agbára yín sì gbé e, HOWO ni mo fọwọ́ sí. Mack ni kí ẹ rà bí ẹ bá ti ní awakọ̀ àgbà tó mọ gíà rẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀nà yín sì jẹ́ ẹlẹ́rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ mú ẹni tí yóò wà á dání lọ ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù, ẹ fi ẹrù sínú ọkọ̀ náà, kí ó gbé e gun òkè kan kí ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jókòó tì í ní gbogbo àkókò náà, kí ẹ sì tó sanwó, kí ẹ bi í bóyá ó lè wà á fún wákàtí mẹ́wàá lójoojúmọ́.