Aṣọ Alárànpọ̀ fún Ara Ògiri, láti Ìsọ̀ Aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Aṣọ alárànpọ̀ kékeré tí mo rà ní ìsọ̀ yìí láti fi kọ́ sára ògiri wú mi lórí gidigidi. Aránṣọ náà to ègé àdìrẹ àti aṣọ òkè pọ̀, ó tẹ́ òwú sáàárín, ó sì fi ọwọ́ rán an débi pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà jìn wọnú, ibi tí kò bá dé sì wú sókè. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fi òwú ṣe ṣàkì sí i, ìyẹn òwú tó yọ síta ṣùkùṣùkù lójú aṣọ, irú èyí tí àwọn obìnrin ahunṣọ Ìjẹ̀bú ń ṣe sára ìtàgbé, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kò rán ojú ibi tí a lè ki ọ̀pá bọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún èyí ṣe.